Táyà Tí Kò Ké

Ọkọ̀ àbúrò mi kọ lu bàbá àgbàlagbà kan létí títì tó lọ láti Ọ̀fà sí Ìlémọnà, bàbá náà kú lójú ẹsẹ̀, kò sì sí ẹnì kan nínú àwọn tó wà níbẹ̀ tó gbọ́ kí táyà ké. Ohun tí gbogbo wọn ń tẹnu mọ́ nìyẹn. Kì í ṣe bí bàbá náà ṣe ṣubú ni wọ́n kọ́kọ́ sọ fún mi. Wọ́n ní táyà ò ké.

Àárọ̀ ni, nígbà ọyẹ́, lásìkò tí àwọn ọmọ iléèwé ń lọ. Nọ́ọ̀sì ni àbúrò mi obìnrin. Ọ̀fà ló ń gbé, ilé ìwòsàn kan ní Ìlémọnà ló ti ń ṣiṣẹ́, ọkọ̀ kékeré kan tí wọ́n ti lò nílùú òyìnbó kó tó dé ọ̀dọ̀ wa ló sì ń gbé lọ gbé bọ̀. Òṣìṣẹ́ rélùwéè tó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá tó kú. Ó ń ti básíkùlù rẹ̀ lọ sóko létí títì. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan tó kó ọmọ iléèwé dúró lójijì níwájú àbúrò mi. Àbúrò mi yà fún un. Ibi tó yà sí ni bàbá náà wà.

Iṣẹ́ ìròyìn ni mo ń ṣe, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń kọ nípa ìjàǹbá ọkọ̀. Nígbà tí wọ́n pè mí láti ilé, ibi tó ti ṣẹlẹ̀ ni mo kọ́kọ́ lọ, bí mo ṣe máa ń ṣe. Mo dúró sójú títì, mo ń bi àwọn èèyàn léèrè ohun tí wọ́n rí, mo ń kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n ti gbé bàbá náà lọ. Básíkùlù rẹ̀ ṣì wà nínú koríko.

Fọkanáísà kan tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ igi lódìkejì títì ló kọ́kọ́ dá mi lóhùn. Ó ní, “Ẹ̀yìn ni mo kọ sí títì. Tí táyà bá ké, mo máa yíjú, torí iṣẹ́ mi ni táyà. Kò ké rárá. Gbàà kan péré ni mo gbọ́.”

Obìnrin kan tó ń dúró de ọkọ̀ ní òun rí gbogbo rẹ̀. Ó ní ọkọ̀ náà kàn yà ni, wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ìgbà tí èèyàn bá fẹ́ yà wọ ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Ẹni tó wa kẹ̀kẹ́ náà jókòó sórí òkúta, ó di orí mú. Ó ní ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ló ju bàtà rẹ̀ síta, lòun bá dúró láti mú un. Ó ní, “Mo wo dígí, mo rí ọkọ̀ náà lẹ́yìn mi, mo ní ó ti parí fún wa. Àfi bó ṣe yà. Ẹ̀gbọ́n, mi ò mọ ohun tí mo lè sọ fún yín. Ó yà fún wa.”

Nílùú wa, tí ọkọ̀ bá kọ lu èèyàn, ohun kan wà tí àwọn àgbà dẹ́rẹ́bà máa ń ṣe kí wọ́n tó bi ẹnikẹ́ni léèrè ọ̀rọ̀. Wọ́n á wo ilẹ̀. Wọ́n ń wá ilà dúdú tí táyà máa ń fi sílẹ̀ lórí ọ̀dà nígbà tí bíréèkì bá mú un. Tí wọ́n bá rí ilà náà, wọ́n á ní dẹ́rẹ́bà náà jà, pé ikú ló lágbára jù ú lọ. Tí wọn ò bá rí i, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọ̀kan nínú àwọn olóyè ẹgbẹ́ onímọ́tò ti wá ṣáájú mi lọ́jọ́ náà. Ó rìn síwájú, ó rìn sẹ́yìn, ó fi ẹsẹ̀ gbá eruku tí àwọn típà tó ń kó yangí dà sójú títì. Ó nàró, ó ní, “Kò sí ilà. Ọmọ yẹn ò jà.”

Lẹ́yìn èyí ni mo tó lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Wọ́n ti fún àbúrò mi ní àga. Aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ funfun, kò sí àbàwọ́n kankan lára rẹ̀. Ó kí mi, ó bi mí bóyá mo ti jẹun. Mo ní kó sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún mi.

Ó ní, “Mo tẹ bíréèkì, ẹ̀gbọ́n mi. Bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́ ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó ń ta mí lẹ́sẹ̀ padà, tátátá, bí ẹni pé èèyàn kan wà lábẹ́ ibẹ̀ tí kò fẹ́ kí n tẹ̀ ẹ́. Mo rò pé bíréèkì ti já.”

Mo bi í pé ṣé ó gbé ẹsẹ̀ kúrò.

“Mi ò mọ̀.”

Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ fún aláìsàn pé oògùn ti tán. Ohun kan náà ló sọ fún ọlọ́pàá, ohun kan náà ló kọ sílẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n fún wa ní béèlì rẹ̀. Nígbà tí a délé, ó fọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó sá a, ó sì se ìrẹsì. Gbogbo wa jẹ ẹ́. Kò sẹ́ni tó sunkún.

Wọ́n ti sin bàbá náà kí oòrùn tó wọ̀. Nígbà tí fídáù ọjọ́ kẹjọ kọjá, àbúrò bàbá wa, tí a ń pè ní Dádì láti ìgbà tí bàbá wa ti kú, kó wa lẹ́yìn, ó mú àfáà kan dání, a lọ sílé olóògbé láti lọ tọrọ àforíjì. Àkọ́bí bàbá náà ló gbà wá. Alhaja ni, òwú àti bọ́tìnnì àti ohun èlò ìránṣọ mìíràn ló ń tà. Ó tẹ́ ẹní fún wa. Ó gbé omi wá. Àfáà ṣe àdúà, Dádì dọ̀bálẹ̀ tàgbà-tàgbà, èmi náà dọ̀bálẹ̀, àbúrò mi kúnlẹ̀, kò sì dìde mọ́.

Alhaja ní kí a má ṣe dárúkọ owó, kí a má sì ṣe gbé nǹkan kan wá lọ́la. Ó ní ikú dé bá bàbá òun, Ọlọ́run ló ni ín, òun ò sì ní bá Ọlọ́run jà. Ó wo orí àbúrò mi níbi tó kúnlẹ̀ sí.

“Ohun kan péré ni mo fẹ́ mọ̀. Wọ́n ní o yà fún àwọn ọmọ iléèwé. Ìyẹn dáa. Ṣùgbọ́n ṣé o tẹ bíréèkì, àbí o rí i pé arúgbó ni bàbá mi, o ní kó máa lọ?”

Àbúrò mi ní òun tẹ̀ ẹ́.

“Kí ló dé tí kò ké?”

Àbúrò mi ń wo ẹní tó kúnlẹ̀ sí. Alhaja wá sọ fún Dádì pé tó bá jẹ́ pé ọmọ náà tẹ bíréèkì, òun á gbé ọ̀rọ̀ náà fún Ọlọ́run, òun á sì sọ bẹ́ẹ̀ fún ọlọ́pàá. Tí kò bá tẹ̀ ẹ́, òun á lọ sọ ọ́ ní kóòtù pé ó fi bàbá òun ṣe ìrọ̀rí láti dá ọkọ̀ rẹ̀ dúró. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Ó kó ife omi tí a kò mu padà sórí àwo.

Mo wo Dádì pé kó sọ̀rọ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù ló fi ìgbà èwe rẹ̀ wà, òun ló kọ́ èmi àti àbúrò mi ní ọkọ̀ wíwà. Bó bá sọ pé ọmọ náà kò parọ́, gbogbo ilé yẹn á gbà á gbọ́. Dádì dákẹ́. Nígbà tí a ń padà lọ sílé ló tó sọ ìdí rẹ̀, lójú àbúrò mi, kò sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

“Bíréèkì tí wọ́n bá tẹ̀ gidi, ilé kẹta á gbọ́. Mo wa ọkọ̀ títí irun mi fi funfun. Ṣé kí n wá jókòó sílé olókùú, kí n máa sọ ohun tí mi ò gbà gbọ́?”

Àbúrò mi ń wo ojú fèrèsé. Láti ọjọ́ náà lọ kò bá a jiyàn. Ó ń lọ síbi iṣẹ́ pẹ̀lú ọ̀kadà, ó ń padà, ó ń kí i káàárọ̀, ó ń bu oúnjẹ fún un. Mo bi í lẹ́ẹ̀kan sí i pé ṣé ó gbé ẹsẹ̀ kúrò. Ó ní ká ní òun mọ̀ ni, ì bá rọrùn. Bó bá jẹ́ pé òun gbé e kúrò, òun á sọ. Ó ní nígbà mìíràn òun máa ń tẹ ilẹ̀ níbi tí òun jókòó sí, láti fi rántí, ṣùgbọ́n ilẹ̀ kì í gbọ̀n.

Mo lọ bá mẹkáníìkì rẹ̀. Ọkùnrin onídàápàárá kan ni, abẹ́ ọkọ̀ ló sì wà tó ti ń dá mi lóhùn. Ó ní ABS, ẹ̀rọ kan tó ń ṣọ́ bíréèkì, ló ń gbọ̀n lẹ́sẹ̀ rẹ̀, pé gbogbo ọkọ̀ tó bá ní in ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo bi í pé ṣé ó ti sọ fún un rí.

“Ẹ̀gbọ́n, ọkọ̀ tó kéré bí àpótí bàtà, kí ló fẹ́ fi ABS ṣe? Àwọn olówó ló ni ín. Tí iná rẹ̀ bá ti tàn ní dáṣíbọ́ọ̀dù tí kò kú, fíúsì rẹ̀ ni mo máa ń yọ, kí oníbàárà mi lè sùn. Ti ọmọ yẹn ò ṣe bẹ́ẹ̀ rí, ìyẹn ni mi ò ṣe fọwọ́ kàn án.”

Ó yọrí síta, ó rí ojú mi, ó tọrọ àforíjì, ó sì padà sábẹ́ ọkọ̀.

Ọlọ́pàá ti kọ̀wé sí àwọn ọ́físà ìjọba tó ń yẹ ọkọ̀ wò. Ọ̀kan nínú wọn wá. Kò sanra, kò yára sọ̀rọ̀, ìwé rẹ̀ sì wà nínú ọ̀rá nítorí eruku. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí Alhaja wà níbẹ̀ nígbà tó bá ń dán ọkọ̀ náà wò, ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá sì gbà. Dádì wá láìjẹ́ pé ẹnì kan pè é.

Nínú ọgbà àgọ́ ni ọ́físà náà ti kọ́kọ́ ṣí ọkọ̀. Ó tan kọ́kọ́rọ́, iná ABS tàn, ó sì kú fúnra rẹ̀. Ó ní ìyẹn túmọ̀ sí pé ẹ̀rọ náà yẹ ara rẹ̀ wò, kò sì rí àléébù. Ó wo táyà, ó wo òróró bíréèkì. Ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sídìí ẹsẹ̀ iwájú, ó ní kí Alhaja súnmọ́ òun. Irin róbótó kan wà níbẹ̀ tó léyín yíká bí ayùn, waya kékeré kan sì wá sídìí rẹ̀.

Ó ní, “Waya yìí ń ṣọ́ eyín yẹn bó ṣe ń kọjá. Tí ẹsẹ̀ bá tẹ bíréèkì kíkankíkan, táyà lè dúró gbagidi nígbà tí ọkọ̀ ṣì ń lọ. Táyà tó bá dúró bẹ́ẹ̀, yíyọ̀ ló ń yọ̀. Òun ló ń ké, òun ló ń fi ilà dúdú sílẹ̀. Ẹ lè yí sitiárì títí, ọkọ̀ ò ní dá yín lóhùn. Ibi tó kọjú sí ló ń lọ. Èyí kì í jẹ́ kó dúró bẹ́ẹ̀. Bó bá ti rí i pé táyà kan fẹ́ dúró, á dẹ bíréèkì rẹ̀ díẹ̀, á tún mú un, á tún dẹ ẹ́, kíákíá ju bí ẹsẹ̀ èèyàn ṣe lè ṣe é lọ. Òróró tó ń lọ tó ń bọ̀ yẹn ló ń gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀.”

Dádì bi í pé ṣé ọkọ̀ kékeré bí èyí tiẹ̀ nílò irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Ọ́físà náà ní ọkọ̀ kékeré ló nílò rẹ̀ jù, torí ó fúyẹ́, ẹsẹ̀ iwájú àti tẹ̀yìn rẹ̀ ò jìnnà síra, ó sì tètè ń pòyì lójú ọ̀nà tí òjò bá rọ̀ sí. Ó ní ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ ìyanu. Táyà tó ti gbó kò lè rí nǹkan dì mú, ABS ò sì lè bá a dì í. Lórí yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́, bí irú èyí tí típà dà sójú títì yẹn, ó tilẹ̀ lè jẹ́ kí ọkọ̀ lọ jìnnà díẹ̀ sí i kó tó dúró. Táyà tó dúró gbagidi máa ń wa yanrìn jọ síwájú ara rẹ̀, yanrìn náà á sì dá a dúró. Èyí kì í wa nǹkan jọ. Ohun tó fi ń san án ni pé ọkọ̀ á ṣì máa gbọ́ràn sí ọwọ́ ẹni tó wà á.

Dádì ní, “Tí wọ́n bá ti yọ fíúsì rẹ̀ ńkọ́?”

“Táyà á ké, Bàbá. Gbogbo àdúgbò á gbọ́. Ọkọ̀ á sì lọ tààrà, inú kẹ̀kẹ́ yẹn ló máa wọ̀.”

Ọlọ́pàá kan ṣí géètì, a sì kọrí sí ojú títì.

Wọ́n dí ọ̀nà díẹ̀ ní ibi tó ti ṣẹlẹ̀. Àbúrò mi dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ ọlọ́pàá, ó ká ọwọ́ méjèèjì sí àyà. Ọ́físà náà wá sọ ohun tí n kò retí. Ó ní òun lè wa ọkọ̀ náà fúnra òun, ṣùgbọ́n wọ́n á ní ìjọba ló wà á. Ó bi Dádì bóyá ìwé ìwakọ̀ rẹ̀ ṣì wà. Dádì mú un jáde. Ọ́físà ní kó bọ́ síbẹ̀, kó má sáré, kó wá tẹ bíréèkì pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀ nígbà tó bá débi eruku, kó sì di ẹsẹ̀ mọ́ ọn títí ọkọ̀ á fi dúró. Ó sọ ọ́ fún un lẹ́ẹ̀kejì pé pẹ́dà máa gbọ̀n, kó má ṣe gbé ẹsẹ̀. Dádì ní òun gbọ́, òun kì í ṣe ọmọdé. Ọ́físà jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Alhaja wọlé sẹ́yìn, ó fi ìborùn rẹ̀ di imú nítorí eruku.

Ọkọ̀ náà bọ̀. Ó dé orí yangí, imú rẹ̀ tẹ̀ sílẹ̀, eruku sọ lálá. Táyà ò ké. Mo gbọ́ nǹkan kan tó dà bí ìgbà tí wọ́n bá ń fi èékánná gbá páálí, lẹ́yìn náà imú ọkọ̀ dìde, ó yí síwájú díẹ̀, ó tún tẹ̀ sílẹ̀, ó dúró.

Ilẹ̀kùn ṣí. Dádì kò tètè jáde. Ọ́físà náà bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀ nígbà tí imú ọkọ̀ dìde. Dádì wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

“Mo gbé e.”

“Mo sọ fún yín pé kí ẹ má gbé e.”

“O sọ fún mi. Ẹsẹ̀ mi ló gbé ara rẹ̀.”

Ó bọ́ sílẹ̀, ó rìn kọjá lára mi, ó lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ àbúrò mi. Ó kàn dúró síbẹ̀, àbúrò mi sì sún díẹ̀ kó lè rí ibòji.

Alhaja rìn lọ sẹ́yìn ọkọ̀. Ó wo ilẹ̀ bí ti onímọ́tò yẹn. Eruku ti fọ́nká, ojú ẹsẹ̀ táyà wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ilà dúdú kankan lórí ọ̀dà. Ó bi ọ́físà náà pé ṣé bó ṣe máa ń rí nìyẹn nígbà tí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́ tọkàntọkàn. Ọ́físà ní bẹ́ẹ̀ ni. Alhaja bi í pé ṣé ọmọ náà lè máa sọ pé ó gbọ̀n láìtẹ̀ ẹ́. Ọ́físà ní rárá. Pẹ́dà kì í gbọ̀n fún ẹni tí kò bá tẹ̀ ẹ́ kíkan. Ó fi kún un pé òun lè sọ ohun tí ọkọ̀ lè ṣe, òun ò lè sọ bí ẹsẹ̀ ṣe pẹ́ tó lórí rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, torí ọkọ̀ yìí kì í tọ́jú àkọsílẹ̀ irú rẹ̀.

Alhaja wá yíjú sí àbúrò mi, ó sì pè é ní ọmọ mi, èyí tí kò pè é rí.

“O tẹ̀ ẹ́. Mo ti rí i.”

Àbúrò mi ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Ṣùgbọ́n bàbá mi ò gbọ́ nǹkan kan. Bí irú ọkọ̀ yẹn bá ń bọ̀ wá bá èèyàn lẹ́yìn, kò sí ohun tó máa sọ fún un pé kó yà.”

Àbúrò mi ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

Alhaja tẹ̀lé ọlọ́pàá padà sí àgọ́, ó ní kí wọ́n fún òun ní bébà. Ó kọ gbólóhùn méjèèjì sílẹ̀ bó ṣe sọ wọ́n, ó bu ọwọ́ lù ú, ó wọ ọ̀kadà lọ sí ìsọ̀ rẹ̀.

Ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá sọ fún mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà pé èsì àyẹ̀wò ọkọ̀ àti ọ̀rọ̀ tí Alhaja kọ yóò wọ inú fáìlì, fáìlì náà yóò sì lọ sí Ìlọrin, níbi tí àwọn agbẹjọ́rò ìjọba yóò ti sọ bóyá ẹjọ́ wà tàbí kò sí. Ó ní kò sẹ́ni tó lè sọ bó ṣe máa pẹ́ tó. Títí dìgbà náà ọkọ̀ náà kò ní kúrò nínú ọgbà wọn, àbúrò mi kò gbọ́dọ̀ wa ọkọ̀, yóò sì máa wá fojú hàn ní àgọ́ ní gbogbo ọjọ́ Ajé. Ní ti yangí tó wà lójú títì, ìjọba ìbílẹ̀ ní àwọn máa pe àwọn onítípà sí ìpàdé.